Ìbuwọ́lùwé Bàbá Rẹ Kò Tó Wọn

Joga-Orílẹ̀

Ìdùnnúolúwa ọmọ mi,

Òní ló pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí mo juwọ́ sí ọ ní gáréèjì Ìlaròó, tí o lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ okòwò ní Èkó kí ẹ tó fò lọ sí Ṣáínà. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ wọn ń lọ lọ́nà ọ̀fun? Ọlọ́run tó mú ọ gba ojú sánmà kọjá láìjábọ́ yóò mú ọ padà wá bá mi, bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń ṣe àmín rẹ̀ fúnra mi. Gbogbo ilé ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan dúdú. Bàbá rẹ ti pé ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú ilẹ̀, oorun sì ti ń kùn mí díẹ̀díẹ̀.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ pé ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kí o dúró lọ́dọ̀ àwọn fún oṣù mẹ́fà láti kọ́ṣẹ́, pé òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú wọn ná.

Morádéyọ̀ tíṣà, ará ilé kejì, ni yóò fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kó ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú bí kò tilẹ̀ sí nǹkan níbẹ̀, kí o má baà rò pé mo fi nǹkan pa mọ́. Ó ní yóò ti dé Ṣáínà kí n tó dìde lórí àga. Báwo ni yóò ṣe dé nígbà tí ìwé ṣì máa wà lọ́wọ́ mi? Màá kúkú fi í sínú àpòòwé fún awakọ̀ Èkó, kó gbé e dé ibi tí bàlúù ti ń gbéra.

Ilé iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni o ní ẹ ti bẹ̀ wò. Mo fi awò ojú mi wo gbogbo fọ́tò náà tán, mi ò rí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́. Ní ti àkọ́kọ́, àwọn géńdé jókòó sórí àpò rọ́gọ́dọ́ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ọjà. Ní ti èkejì, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì lọ́sàn-án gangan. Ọwọ́ ẹnì kankan kò dọ̀tí. O ní ìmọ̀ ni wọ́n ń tà. Mo bi Oyèkúnlé àbúrò bàbá rẹ pé kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kóńgò ni àbí àpò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ tún ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ tó ń gbé tíì. Ẹ̀yin méjìdínlógún pẹ̀lú olùkọ́ méjì, ẹ wọ bàlúù lọ pàtẹ́wọ́ fún ohun tó gbé tíì láti ibí dé ọ̀hún! Bàlíkísù tó ń bá wa bó ẹ̀gẹ́ gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí, ó gbé oyún oṣù mẹ́jọ síwájú, láti oko títí dé ìdí ẹ̀rọ wa, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ẹ sì fẹ́ máa lọ, wọ́n fún yín ní ike omi tí kò sí omi nínú rẹ̀.

Ṣáínà yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí bàbá rẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ dé ìlú wọn, ẹ ò yà béèrè ìdí tí bẹ́líìtì rẹ̀ fi ń já lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí èmi bá sọdá lọ sí Kétu, tí àdá tí mo rà níbẹ̀ bá ti ṣẹ́, ilé alágbẹ̀dẹ ni màá kọ́kọ́ yà kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù wá kàn. Morádéyọ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìlaròó, mo sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Orúkọ bàbá rẹ ni mo kọ, bó ṣe máa ń kọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ìlà tó máa ń fà sísàlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ẹ̀gẹ́ ló ń rin, ó ti kú. Mi ò purọ́ fún wọn. Ni obìnrin kan bá pè láti ọ́fíìsì ilé ìwé yín, ó ní òkú kò lè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní orúkọ bàbá bàbá rẹ ló wà nínú ìwé ilẹ̀ oko wa títí dòní, wọn ò tíì bí mi nígbà tó kú, a sì ń kórè níbẹ̀ lọ́dọọdún. Mo ní bí wọ́n bá pe orúkọ ọkọ mi ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn tó ń rin ẹ̀gẹ́, èmi ni mò ń jẹ́ ẹ. Ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni olórí ilé yín báyìí? Mo gbé fóònù fún Morádéyọ̀, mo lọ bu omi fún ewúrẹ́.

Ìdùnnú, o mọ̀ pé bàbá rẹ ní ìwọ ni yóò jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rù ń bà mí kí oṣù mẹ́fà má lọ di ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì, pé wọ́n fẹ́ kọ́ ọ ní ohun kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, tó ń gbọ́ bó ṣe ń dún, tó sì ń sọ ohun tó fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́. Ìyẹn náà ni wọ́n ń pariwo lé lórí? Bàbá rẹ a máa fetí lé ẹ̀rọ láràárọ̀, a ní bẹ́líìtì yìí kò ní rí Ọjọ́bọ̀, kò sì ní rí i. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Oyèkúnlé ń gbìyànjú, àmọ́ etí rẹ̀ kan ti di. Nítorí náà, kọ́ ọ. Kọ́ ọ dáadáa, kí o sì padà wálé.

Mo ti gba fọ́ọ̀mù mìíràn. Lábísí, orúkọ èmi fúnra mi, ni mo kọ síbi tí wọ́n ní kí olórí ilé kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó wọ́ díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé kà.

Bí wọ́n bá fún ọ lówó oúnjẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún dísẹ́ẹ̀lì, mi ò dá iye lé ọ, kí o sì ra bẹ́líìtì tó nípọn dání bọ̀. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín àjèjì. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ yóò gbà ọ́, yóò sì tún dá ọ padà fún mi.

Èmi ìyá rẹ ni. Èmi fúnra mi ni màá máa yí ẹ̀rọ náà láràárọ̀ títí o ó fi dé.