Ohun Tí Mo Gbé Sára Gíláàsì

Ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àlàáfíà rẹ, mo sì kí àgbá afẹ́fẹ́ tó o máa ń gbé pọ̀n wọnú omi. Kò ní tán mọ́ ọ lẹ́yìn. Ara èmi náà le. Orúnkún tó ń dà mí láàmú ti rọlẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìlà rẹ̀ bá wọ́, fojú fò ó.

O rántí ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tó o wá sọ fún mi nípa iṣẹ́ inú omi yìí. Mo ní, "Òmùwẹ̀ lomi ń gbé lọ. Mi ò ní fẹnu mi súre fún ohun tí yóò pa ọ́." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Oṣù mẹ́jọ rèé, o ò pè mí, èmi náà ò pè ọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Tíṣà wa kó kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwa àgbà lọ sí ilé ìwòran ẹja tó wà létí òkun. N kò sọ fún ẹnì kan pé ibẹ̀ lo ti ń ṣiṣẹ́. Tíṣà ní kí oníkálukú ka pátákó kan sókè. Kápẹ́ńtà tó máa ń jókòó tì mí ka ti àjàpá òkun, pé ó máa ń gbó gan-an. Ó ní, "Màmá, ẹgbẹ́ yín rèé." Mo ní bó ṣe ń falẹ̀ yẹn, ó jọ pé kápẹ́ńtà ni.

Pátákó tèmi wà lára táńkì ńlá: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lu gíláàsì." Mo kà á geere, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí ẹnì kan nínú omi tó ń fi kànìnkànìn nu gíláàsì, tí ẹja àkurákudà ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń najú lọ. Aṣọ rọ́bà bò ó látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi ń nù ún, igun ló sì ti bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ láti máa nu fèrèsé mi. Mo mọ̀ pé ìwọ ni.

Ọwọ́ mi ti gbéra láti lu gíláàsì, ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ló dá a dúró. Lọ́dún tó kọjá, ǹ bá ti lù ú. Òfin téèyàn ò lè kà, ta ló máa bẹ̀rù rẹ̀? Mo bá ṣí ìwé kíláàsì mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: MO SÚRE FÚN Ọ. Mo gbé e sára gíláàsì. O ń nu tìrẹ lọ. Kápẹ́ńtà ní, "Màmá, ẹja ò kàwé o." Ọkàn mi ti fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì kó o tó yíjú. Kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ sí gíláàsì, mo tẹ́ tèmi sí i. Wọ́n ní ká má lù ú, wọn ò ní ká má fọwọ́ bà á.

Afẹ́fẹ́ ń jáde lẹ́nu rẹ bíi ti ìkòkò tó ń hó. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, bọ́ọ̀sì wa sì ti ń pè wá. Wọ́n bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ọmọ ọmọ mi ni, ẹni tí àkurákudà ń yà fún lọ́nà.

Àwọn àgbà ní bọ́mọdé láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ṣùgbọ́n irú aṣọ rọ́bà yẹn, àgbà kan ò ní in.

Bó o ṣe ń wọnú omi láyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa jáde láyọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wá sílé ní ọjọ́ Ìsinmi, wá sọ fún mi èwo ni, ẹ̀rín tàbí ẹkún.

Èmi ni ìyá rẹ àgbà,
akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kejì.

Àfikún: Ojú ìwé náà wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Tíṣà ti fi bírò pupa máàkì í kí n tó já a: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Má jẹ́ kí omi kàn án.