Ọwọ́ Yín Tó Tutù

Bàbá mi, onífìlà Bẹ́yẹrúnkà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti dé ọ̀dọ̀ èmi náà o, ọkàn mi ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Dókítà sì ti fún mi ní irú oògùn tí ẹ lò, èyí tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà-blọ́kà, tí ẹ máa ń fi ẹ̀kọ gbé mì, tí ẹ óò wá fajú ro bí ọmọ kékeré.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lẹ máa ń fọwọ́ bà kí n lè jí fún sààrì? Mo di ìyá ọmọ tán, ẹ ò jáwọ́. Ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn náà ni ọwọ́ yín tutù nini. Màá fò dìde, màá sì máa kùn.

Ààwẹ̀ yẹn dé, fìlà ọdún Ìtúnu kún iwájú yín, abẹ́rẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ yín torí ìka tó tutù. Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan, ẹ kàn pa oògùn tì. Àwa rò pé torí ààwẹ̀ ni ẹ ò ṣe lò ó lọ́sàn-án mọ́. Kò pẹ́, ọwọ́ yín móoru padà. Háà, inú mi dùn! Mo ń sọ káàkiri agboolé pé ààwẹ̀ ti wo bàbá mi sàn. Ìdùnnú yẹn ló ń dùn mí jù.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ ló là mí lóye. Ó ní ara máa ń ránṣẹ́ sí ọkàn pé kó yára. Oògùn yìí ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ náà wọlé, kí ọkàn lè máa rọra lù. Ó lè mú kí ìka ọwọ́ tutù. Àmọ́ téèyàn bá dá a dúró lójijì, gbogbo iṣẹ́ náà á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn á sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ṣé fìlà tó ẹ̀mí yín ni?

Nígbà tí ọdún yẹn ku ọ̀la, ẹ di àyà mú, fìlà wà lórí itan yín. Èrò ọdún kún Ọjà'ba fọ́fọ́. A ò gbé yín dé ọsibítù kí ẹ tó dákẹ́.

Ìka tèmi náà ti ń tutù. Mo sáré lọ sọ fún dókítà kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ó yẹ̀ mí wò, ó ní kí n má fi í sílẹ̀, kí n máa lò ó ní sààrì. Bùọ̀dá mi tọrọ ẹyọ kan nínú oògùn náà torí ọkàn tirẹ̀ náà ń sáré, mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó ní ikọ́ fée, oògùn yìí sì lè dí èémí irú wọn.

Láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ yín kó lè jí. Ó pariwo pé ó tutù jù, ó gbọ́n ọwọ́ mi dànù. Mo tún gbé e padà síbẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi. Bàbá, ká ní mo mọ̀ ni, ọwọ́ tútù yẹn ni ǹ bá máa dúpẹ́ fún.

Kí Ọlọ́hun fi àlùjáńnà kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ máa ń jí fún sààrì.