Kànga Tí Mo Jókòó Lé Lórí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni. Ọwọ́ rẹ kò ní wọ́ nídìí iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta rèé tí kànga ti gba bàbá rẹ lọ́wọ́ wa, mo ṣì ń bu oúnjẹ ẹni méjì, èmi náà ni mo sì ń jẹ méjèèjì kó má baà ṣòfò, ìdí nìyẹn tí mo fi sanra nínú fọ́tò. Má rò pé ìbànújẹ́ ti tán.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ẹ ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú ọ̀pá irin gígùn, ẹ ó fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i, bí irin náà bá ya, afẹ́fẹ́ yóò sáré ju ohùn lọ. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ní kékeré rẹ, bí mo bá pè ọ́ wá fọ abọ́, o ti máa ń sáré kọjá ohùn mi kí n tó pa ẹnu dé. O tún ní afẹ́fẹ́ yẹn ni ẹ fi ń dán ẹ̀rọ kan tí ẹ ń ṣe wò, tí kò ju bọ́tìnnì lọ, tó ń fi ohùn tí etí ènìyàn kò gbọ́ ránṣẹ́ sínú ògiri, tí ohùn náà yóò padà wá sọ ibi tó ti sán. Iṣẹ́ bàbá rẹ kọ́ nìyẹn? Wọ́n á fi èèkù ṣọ́bìrì gbá ògiri kànga, wọ́n á dẹtí. Lọ́jọ́ tí ògiri wó lù wọ́n, ògiri sọ̀rọ̀, etí àgbà kò gbọ́.

Àbúrò bàbá rẹ, tí mo pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí mo wọlé ọkọ, wá ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ parí kànga kan náà. Ó ní iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun kò gbọdọ̀ kú. Mo ní òṣìṣẹ́ ńkọ́? Mo fi pákó bo kànga náà, mo jókòó lé e, mo ń lẹ aṣọ.

Má bínú sí àwọn ìpè ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Mo so fóònù mọ́ okùn ni, mo pè ọ́, mo sọ fóònù náà kalẹ̀ sínú kànga kí ohùn lè lọ wo ògiri wá fún ọ. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, obìnrin inú fóònù ní ibi tí mo ń pè kò ṣeé dé. Mo pe àbúrò bàbá rẹ kó fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ó ní gbogbo ayé ni obìnrin yẹn ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Mo ní kó dárúkọ ẹni tí obìnrin náà ti purọ́ fún rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó ní òun á dúró de ẹ̀rọ rẹ, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun á wọ inú kànga.

Nítorí náà, èyí tí o kọ, pé irin yín ń ya ṣáájú àkókò, pé èsì òní kò bá tàná mu, pé o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó tì mí, n kò gbà. Kànga mọ́kànlá tí kò lómi ni bàbá rẹ gbẹ́ kí wọ́n tó kan omi àkọ́kọ́.

Owó tí mo ń tọrọ ni owó ọkọ̀ tí o fẹ́ fi wálé. Fi ra irin mìíràn, kí ẹ máa fà á ya lọ. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ nítorí fóònù mi, ó mu omi.

Ọlọ́run á là ọ́ létí. Ohun tí bàbá rẹ kò gbọ́, ìwọ á gbọ́ ọ, wàá sì rí ẹni sọ ọ́ fún kó tó sọ̀kalẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.