Màmá Susannah Mọ́ṣádé Ògúnbọ̀wálé, Ẹni Tó Mú Abúlé Mẹ́sàn-án Wọ Inú Ìwé Ìjọba

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1927 ni wọ́n bí màmá wa, Susannah Mọ́ṣádé Ògúnbọ̀wálé, ní agboolé alágbẹ̀dẹ ní Odògbolú, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bàbá wọn ni Olóògbé Josiah Ògúnbánwò, alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ, ẹni tó gba Jésù tí kò sì tìtorí ẹ̀ fi òòlù sílẹ̀. Ìyá wọn ni Olóògbé Fáyọ̀kẹ́, tó ń ṣe epo pupa. Ọmọ mẹ́fà ni Fáyọ̀kẹ́ bí. Màmá wa ni ìkẹta, àwọn nìkan sì ni obìnrin tó dàgbà nínú wọn.

Ní ọdún 1934, màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Odògbolú. Nígbà tí wọ́n dé Ìwé Kẹrin, bàbá wọn ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n jókòó ti ìyá wọn nídìí epo. Màmá kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo ilé-ẹ̀kọ́ tó lù, wọ́n ti gún ẹyìn tán, wọ́n ti pọnmi sílẹ̀, wọ́n sì ti wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lójoojúmọ́ títí bàbá fi gbà fún wọn. Wọ́n yege Ìwé Kẹfà ní ọdún 1942, wọ́n ṣe olùkọ́ kékeré fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ọdún 1949.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1951, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Samuel Adélékè Ògúnbọ̀wálé, aránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ìran rẹ̀ ti Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ wá, abúlé kan tó jìnnà sí títì. Olúwa fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ. Ìkẹta, Olúfúwà, kú sí èéyi nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Màmá kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú àdúrà wọn rí. Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní ọdún 1979.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni màmá fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Àwọn tó kọjá lábẹ́ wọn mọ̀ pé wọn kì í bú ọmọ, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 1984.

Gbogbo wa la rò pé Èkó ni màmá yóò wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn àgbà, Mobọ́lájí. Mobọ́lájí ti kun yàrá, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé mọ́tò wá láti kó ẹrù. Màmá fún un lóúnjẹ, wọ́n wá sọ fún un pé ilé ọkọ àwọn ní Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ ni àwọn ń lọ, nítorí ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ kì í pẹ́ wó. Inú bí Mobọ́lájí. Oṣù mẹ́ta ni ìyá àtọmọ fi wà láìfọhùn síra wọn. A kò fi èyí pa mọ́, nítorí àwọn méjèèjì ló máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn.

Ní Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n dá oko ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń kọ́ àwọn obìnrin abúlé ní ìwé kíkà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Abúlé mẹ́jọ mìíràn ló yí ibẹ̀ ká. Gàrí, epo, obì àti pákó tó ń ti abúlé wọ̀nyí jáde kò kéré lọ́jà Ìjẹ̀bú-Òde. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ omi ní ọ̀kankan nínú wọn, kò sí iná, kò sí ibi tí a ti lè gba oògùn ibà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ ibẹ̀, lọ́jọ́ ọjà nìkan, lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ márùn-ún.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1985, ìrọbí mú Sàúdátù, ìyàwó Kàmọ́rù tó ń la pákó. Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Nígbà tí ìrọbí náà di ọjọ́ kejì tí ọmọ kò wá, Kàmọ́rù gbé ìyàwó rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, ó ń tì í. Fàtímọ̀, ìyá Sàúdátù, di ọmọ rẹ̀ mú lápá ọ̀tún, màmá wa dì í mú lápá òsì. Wọ́n rìn nínú oòrùn ọ̀sán. Ó ku bíi máìlì méjì kí wọ́n dé títì nígbà tí Sàúdátù dákẹ́, tòun tọmọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, màmá wọ aṣọ iṣẹ́ olùkọ́ wọn àtijọ́, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ọ̀rọ̀ ìlera kàn, wọ́n ní àwọn wá béèrè ilé ìwòsàn kékeré fún abúlé mẹ́sàn-án. Òṣìṣẹ́ tó dá wọn lóhùn kì í ṣe aláìmọ̀wàáhù. Ó fún wọn ní àga, ó sì ṣí fáìlì kan tó ti gbó. Ó ní ìjọba kì í kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ síbi tí èèyàn kò bá tó ẹgbẹ̀rún méjì, èyí tó sì wà nínú fáìlì, láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ni pé gbogbo abúlé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò ju èèyàn 312 lọ.

Màmá sọ fún un pé ọmọ tí àwọn rí ní ìta kan ṣoṣo lówùúrọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ó ní, "Ìyá, ìwé ni ìjọba fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, lójú ìjọba, kò sí láyé."

Màmá dìde. Wọ́n ní, "Ó dáa. A ó wà nínú rẹ̀."

Wọ́n rò pé iṣẹ́ oṣù kan ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé ìwé dání wọ agboolé àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn kan ní owó orí ni wọ́n fẹ́ fi mú àwọn. Àwọn tó pọ̀ jù sì ní a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Baálẹ̀ Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, Pa Ìgè Ògúnsànyà, tó tún jẹ́ olórí àwọn olùsin Ògún, ló fa màmá sẹ́yìn ilé, tó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí òun wà ní ọmọdé, àwọn akọ̀wé ìjọba wá, wọ́n na ìka sí ọmọ ìyá òun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà wọ́n. Kí ọdún náà tó yípo, ilẹ̀ gbóná, ó sì mú mẹ́ta lọ nínú wọn. Ìyá òun kò dárí ji àwọn akọ̀wé náà títí tó fi kú. Bàbá ní òun kò bínú sí màmá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní na ìka sí ọmọ òun.

Màmá kò sọ fún bàbá pé àìsàn kì í tìtorí kíkà wá. Wọ́n kí i, wọ́n padà sílé, wọ́n sì fi ìwé náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n tún jáde, apẹ̀rẹ̀ kékeré ni wọ́n gbé dání. Wọ́n sọ fún ìyá kọ̀ọ̀kan pé àwọn kò ní ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Kí ìyá ilé fúnra rẹ̀ wọ yàrá lọ, kí ó mú èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan fún orí kọ̀ọ̀kan tó ń jẹun nínú ìkòkò rẹ̀, kí ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀. Èkùrọ́ ni àwọn yóò kà.

Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ dà á. Ó da méje, ó wá di ọ̀kan mú lọ́wọ́, ó ń wò ó.

Ó ní, "Ṣé kí n fi ti Sàúdátù sí i?"

Màmá ní rárá. Fàtímọ̀ jókòó sílẹ̀, ó sunkún, màmá sì jókòó tì í. Ọjọ́ náà ni màmá ṣí ojú ewé mìíràn nínú ìwé wọn, wọ́n kọ orúkọ Sàúdátù sókè rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní ilé kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnikẹ́ni kú sórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin tó ṣáájú, obìnrin mọ́kànlá ló ti kú bẹ́ẹ̀.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 1985 títí di oṣù kejì ọdún 1986 ni màmá fi rin abúlé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán já. Kì í ṣe orí nìkan ni wọ́n kọ. Wọ́n kọ iye kànga àti èyí tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, iye ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, iye ẹbu tí wọ́n ti ń ṣe epo, iye ọmọ tó ń rìn lọ sílé-ẹ̀kọ́ àti bí ó ṣe jìn tó. A bá ìwé náà nínú àpótí wọn. Èèyàn 2,131 ló wà nínú rẹ̀. Agboolé Pa Ìgè nìkan ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún.

Wọ́n kó o lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ ní èkùrọ́ kì í ṣe ẹ̀rí, àwọn yóò wá fi ojú ara àwọn rí i. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ọdún 1986. Màmá ka ọjọ́ ọjà sí i, wọ́n rí i pé ọjọ́ náà gan-an ni ọjọ́ ọjà, tí abúlé máa ń dá wáí. Wọ́n bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n sún un síwájú ní ọjọ́ kan péré. Wọn kò gbà.

Màmá tún abúlé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rìn. Ẹsẹ̀ wọn òsì ti wú, igi ni wọ́n fi ń rìn. Ohun tí wọ́n ń bẹ ènìyàn fún kò kéré, nítorí ẹni tí gàrí rẹ̀ kò bá dé ọjà lọ́jọ́ náà yóò tún dúró fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn kan ṣèlérí. Àwọn kan ń di ẹrù ọjà wọn lọ.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ọjà wá, ó dúró, ó sì lọ pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin péré. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kún. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá tí àwọn òṣìṣẹ́ dá kọjá, wọn kò dé. Aago méjìlá lù. Àwọn ọmọ ń sunkún, àwọn àgbà ń kùn, àwọn ará abúlé tó jìnnà sì ti ń gbé ẹrù wọn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní aago kan, èèyàn ti ń tú ká, àwọn tó kù sì ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

Ìgbà náà ni Pa Ìgè Ògúnsànyà yọ láti ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, tòun ti gbogbo agboolé rẹ̀, àtẹni tí wọ́n pọ̀n àtẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́. Ó rìn dé iwájú tábìlì, ó sì jókòó.

Ó ní, "Ẹ kọ èmi. Ìgè Ògúnsànyà. Èmi fúnra mi ni n ó máa pe àwọn tó kù lórúkọ. Ẹ má nawọ́ sí wọn."

Ó pe wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàlélógójì. Àwọn tó ti ń lọ padà. Nígbà tí wọ́n máa fi kọ ẹni ìkẹyìn, oòrùn ti ń wọ̀. Iye tí àwọn òṣìṣẹ́ rí, pẹ̀lú agboolé bàbá, jẹ́ 2,158. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò màmá, èèyàn mẹ́rìndínlógún ló kù. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ìyẹn kò já mọ́ nǹkan, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún méjì. Màmá kò gbà. Wọ́n dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, aláìsàn àti arúgbó tí kò lè dìde, wọ́n sì mú àwọn òṣìṣẹ́ lọ bá wọn ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn títí iye náà fi pé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìwé ìyọ̀ǹda dé. Àwọn ará abúlé ló yọ bíríkì, Kàmọ́rù ló la gbogbo pákó òrùlé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ ọpẹ́. Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà ní oṣù kẹfà ọdún 1987, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan, Kúbúrátù Àbúdù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀rọ omi tí a ń fi ọwọ́ fà dé ní ọdún 1988. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn náà, ọmọ mẹ́rìndínláàádóje ni wọ́n ti gbẹ̀bí níbẹ̀, ìyá kan ṣoṣo ló sì kú sórí ìkúnlẹ̀. Màmá kọ orúkọ ìyá náà sójú ewé Sàúdátù nínú ìwé wọn. Ọ̀nà ọ̀dà kò tíì débẹ̀ títí di òní. Màmá kọ lẹ́tà mẹ́fà nípa rẹ̀. Mobọ́lájí ti fi ìkeje ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Nínú ìgbàgbọ́, Ánglíkà ni màmá láti kékeré. Wọ́n kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì jẹ́ Ìyá Ìjọ. Wọn kì í kọrin dáadáa, wọ́n sì mọ̀, síbẹ̀ ohùn wọn ló máa ń ròkè jù.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá màmá dùbúlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1989, wọ́n dágbére fáyé ní ilé ọkọ wọn ní Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Mobọ́lájí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọmọ mẹ́rin: Ìyáàfin Mobọ́lájí Ọ̀ṣínúgà, Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́hìntọ́lá Ògúnbọ̀wálé, Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé Ṣóbándé àti Ọ̀gbẹ́ni Adétọ̀nà Ògúnbọ̀wálé, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àbúrò wọn ọkùnrin, Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Ògúnbánwò, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá kẹ́dùn. Nọ́ọ̀sì Kúbúrátù ránṣẹ́ pé kí a má bínú, òun kò ní lè wá síbi ìsìnkú lónìí, nítorí obìnrin méjì ń rọbí lọ́dọ̀ òun láti àárọ̀. A kò bínú. Ká ní ó wá ni, màmá ìbá bá a wí.

Ẹ sùn re, ìyá wa. Kí Olúwa tẹ́ ibùsùn ìrọ̀rùn fún yín, kí ó sì dá ẹ̀mí àwọn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ sí.