Ọta Mẹ́wàá ni Baba Kà

                                        Ṣọ́ọ̀bù Gàníyù Télọ̀,
                                        Ojú Ọ̀nà Ìwó,
                                        Ẹ̀jìgbò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        14 Oṣù Kejì, 1993.

Múrítàlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Sìdíkàt ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí àgbà ti ń bá ọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń fi Faransé bá àwọn oníbàárà jà. Ọlọ́run yóò dá wọn sí fún wa. Àbíjàn ńkọ́, ṣé ojú ọjà ti là díẹ̀? Níbí, ọyẹ́ ọdún yìí le débi pé ètè gbogbo wa ló bó. Nímọ́tà ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ó sì ti fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé bó bá jẹ́ ọkùnrin, òun ò ní í sọ ọ́ lórúkọ rẹ, kó má baà gba ọ̀nà Àbíjàn lọ kó gbàgbé ilé.

Nínú lẹ́tà rẹ méjèèjì tó dé kẹ́yìn, o bi mí bóyá Baba gbádùn fíìmù ogun tí o fi rán Fàsílátù aláṣọ sí mi pé kí n fi han bàbá rẹ. Mo dá ọ lóhùn lórí páànù ilé rẹ, mo dá ọ lóhùn lórí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, mo sì fo ìyẹn bí ẹni fo gọ́tà. Ìwọ náà á ti rò pé mo gbàgbé ni. Mi ò gbàgbé o. Ojú ló ń tì mí. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé báyìí, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọnú ààwẹ̀.

O mọ bí mo ṣe ń ṣe fídíò mi. Bí a bá ti kírun Àìlà tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, màá sún àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, màá gbé tẹlifíṣàn tí mo gbé bọ̀ láti Àbíjàn sórí tábìlì ìgéṣọ, èrò á sì kún. Faransé ni wọ́n ń sọ nínú gbogbo fíìmù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa, nítorí náà èmi ni mo ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọnṣọ, tí mo ń fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n ń wí fún èrò. Ìwọ tí a jọ gbé ní Àbíjàn mọ irú Faransé tí mo gbọ́. Faransé eélòó-ni-jálẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti kúrò lórí ọjà àti oúnjẹ, ọgbọ́n orí ni mo fi ń túmọ̀. Bí ọkùnrin bá pariwo mọ́ obìnrin, màá ní ó ń bi í léèrè ibi tó sùn lánàá. Ìwọ náà ti fi mí rẹ́rìn-ín rí nítorí ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kọkànlá ni mo lọ pe Baba. Mo sọ fún wọn pé ọmọ wọn fi ogun Bọ́mà ránṣẹ́ sí wọn. Inú wọn dùn, Múrítàlá. Wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, èyí tí àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta wà láyà rẹ̀, wọ́n mú tẹ̀sùbáà wọn dání, mo sì fún wọn ní àga onítìmùtìmù níwájú. Àwọn awakọ̀ wá láti gáréèjì, àwọn kan tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wá láti Màsífà, nítorí mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ fọ́nnu pé fíìmù yìí kì í ṣe eré, pé bí ogun ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Baba ń yin fíìmù náà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni òjò ibẹ̀ ṣe ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Nígbà tó yá, akínkanjú inú fíìmù gbé ìbọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀sùbáà, mo rò pé àdúà ni wọ́n ń ṣe. Àṣé ọta ni wọ́n ń kà. Nígbà tó di mẹ́wàá, wọ́n sọ ọ́ sókè pé ó ti tán. Kò tán. Ọkùnrin náà ń yìn ín lọ, tẹ̀sùbáà náà ń lọ, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di mẹ́tàlélógún, Baba ní kí n dá a dúró.

Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí èrò. Wọ́n ní irú ìbọn gígùn yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ní Bọ́mà, pé àwọn mọ̀ ọ́n bí àgbẹ̀ ṣe mọ ọkọ́ rẹ̀. Ọta mẹ́wàá ló ń gbà. Bí èèyàn bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kó tún tì í síwájú, kó tó lè yin òmíràn, ọkùnrin inú fíìmù yìí kò sì fa nǹkan kan. Wọ́n tún nàka sí ìbọn tí ẹnì kejì rẹ̀ gbé, èyí tí àpò ọta rẹ̀ tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní wọn kò tíì rọ irú ìyẹn rárá nígbà tí àwọn jagun tán tí àwọn wálé. Wọ́n ní ẹni tó ṣe fíìmù yìí kò dé ojú ogun, wọ́n sì jókòó.

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ó dùn mí. Mo ti fọ́nnu títí, Baba sì fi ìṣẹ́jú méjì sọ mí di òpùrọ́ lójú àwọn oníbàárà mi. Sàká awakọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, sọ láti ẹ̀yìn pé, "Télọ̀, jẹ́ kí fíìmù fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́." Mo tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ. Ọ̀gá sójà kan jáde, ó gbé irú ìbọn gígùn náà dání, ó ń bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Múrítàlá, mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo na ọ̀pá ìwọnṣọ sí i, mo ní ọ̀gá ní àádọ́ta ọta ni ìbọn yìí ń gbà. Ẹnu mi ò dúró níbẹ̀. Mo ní ó ní ọlọ́ta mẹ́wàá tún wà, pé àwọn tó ń se oúnjẹ lẹ́yìn ogun ni wọ́n ń há a fún.

Ṣọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Sàká ní, "Áà, Baba, àṣé kúùkù lẹ ṣe níbẹ̀." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Baba kò wò mí. Tẹlifíṣàn ni wọ́n tẹjú mọ́, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀gá yẹn bó ṣe ń là tó sì ń pa dé. Fíìmù kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kírun Àlàásárì.

Mo rò pé yóò tán nílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹyin lọ̀rọ̀, láti kékeré ni mo ti mọ òwe náà, mi ò kàn rò pé ọwọ́ mi ló máa ti bọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Baba Kúùkù ni wọ́n ń pè wọ́n ní gáréèjì, àwọn ọmọ iléèwé sì gbà á lẹ́nu wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, tí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ń yan ní sẹkitéríàtì, wọ́n ránṣẹ́ sí Baba títí, Baba kò lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, wọn kò pa á jẹ rí.

Ní ọjọ́ kẹta sí i, àbúrò rẹ Àbẹ̀bí gbé kóòtù náà wá fún mi. Ó ní Baba ní kí n tú àmì-ẹ̀yẹ ayà rẹ̀ kúrò, kí n rán ojú rẹ̀ pa, kí àwọn lè máa wọ̀ ọ́ lásán fún òtútù. Mo mú bíléèdì. Èmi fúnra mi ni mo rán ọ̀já àmì-ẹ̀yẹ yẹn mọ́ ọn lọ́dún tí mo ti Àbíjàn dé, mo mọ òwú tó yẹ kí n gé. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo ká kóòtù náà, mo gbé e lọ bá Baba.

Orí àpótí ni mo bá wọn lẹ́yìnkùlé. Kí n tó rí ẹnu là, wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú pé àádọ́ta ni ọ̀gá yẹn wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, tí mo sì rò pé ìwọ náà kò gbọ́ rí. Oyèbọ̀dé kan wà, ará Ìsundunrin, tí wọ́n jọ lọ sógun. Àdéhùn àwọn méjèèjì ni pé bí ọ̀kan bá ń yìnbọn, èkejì á máa bá a ka ọta, nítorí ẹni tó ń yìn ín kì í lè kà á nínú ariwo yẹn. Lọ́jọ́ kan létí odò, Oyèbọ̀dé ń yìn ín, Baba ń kà á. Nígbà tó pé mẹ́wàá, Baba kígbe fún un pé ó ti tán. Oyèbọ̀dé gbé ìbọn lé orúnkún láti kó ọta tuntun sí i. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀tá ká a mọ́ tí wọ́n pa á.

Baba ní ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta nìyí tí àwọn ti ń rí oorun sùn, nítorí ó dá àwọn lójú pé àwọn kà á pé. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ogójì ṣì kù nínú ẹ̀ ńkọ́, Gàníyù? A jẹ́ pé èmi ni mo ní kó dúró."

Múrítàlá, mo dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, pé mi ò gbọ́ nǹkan kan, pé àádọ́ta yẹn, orí mi ni mo ti fà á yọ, pé ọ̀rọ̀ kúùkù náà, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Baba gbọ́ mi tán. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà aṣọ mi. "Ọmọ dáadáa ni ọ́," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. "O rí i pé ọkàn mi ò balẹ̀, lo ṣe ń parọ́ mọ́ ara ẹ. Ọlọ́run á ṣàánú ìwọ náà." Mo fẹ́ búra, wọ́n ní kí n má búra. Mo ní kí n lọ pe ẹlòmíràn tó ti Àbíjàn dé kó wá gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́, kí n má kó ìlú lé àwọn lórí mọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbá mi létí ni wọ́n ń súre fún mi lé lórí.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo pa tẹlifíṣàn, mo sọ òótọ́ fún gbogbo èrò. Sàká wá ní kò burú, pé ó dára kéèyàn máa bo àgbà láṣìírí, àwọn kan sì pè mí ní ọmọlúàbí. Wọ́n máa ń ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ó bá tèmi, wọ́n kàn kọ̀ láti gbà á sílé ni. Láti ọjọ́ náà mi ò túmọ̀ fíìmù mọ́. Kóòtù Baba ṣì wà lórí ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò tú u, Baba kò sì bèèrè rẹ̀. Àbẹ̀bí ní bí wọ́n bá dá jókòó, ètè wọn máa ń mì. Ó kọ́kọ́ rò pé Ọlọ́run ni wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀, títí tó fi súnmọ́ wọn. Ó ní bí wọ́n bá kà á dé mẹ́wàá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Bá mi kí Sìdíkàt àti àwọn ọmọ. Kí Mùkáílà alágogo, sọ fún un pé mo rí ẹrù rẹ̀ gbà. Kí gbogbo ọmọ Ẹ̀jìgbò tó wà lọ́jà yín.

Bó o bá fẹ́ bínú sí mi, bàbá rẹ ni, mi ò ní í bẹ̀ ọ́ lórí ìyẹn lónìí. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ sí nìyí. Sàídátù tó mú lẹ́tà yìí wá mú kásẹ́ẹ̀tì náà dání. Ìwọ gbọ́ Faransé tòótọ́. Jọ̀wọ́ jókòó tì í. Bó bá ti kan ibi tí ọ̀gá sójà yẹn ti gbé ìbọn jáde, fetí sí i dáadáa, kí o sì fọwọ́ ara rẹ kọ ohun tó wí sí Baba, Àbẹ̀bí á kà á fún wọn. Má dárúkọ mi. Má sì sọ fún wọn pé mẹ́wàá ni, bí ọ̀gá náà kò bá sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òjò ló ń ráhùn lé lórí, tàbí pé àárò ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ ọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́, ọ̀rẹ́ mi, má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
                                        Gàníyù.