Verna Koskela, Akọ̀wé Tó Fún Àbúrò Rẹ̀ Ní Òdo

Àwa ẹbí Koskela àti Niemi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ la yìnyín kọjá wá bá wa kẹ́dùn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1938 ni a bí Màmá Verna Aili Koskela ní Kettle Lake, níbi tí wọ́n ti ń wa irin ní àríwá Minnesota. Toivo Niemi, awakùsà tó ti Finland wá, ni bàbá wọn. Hilja ni ìyá wọn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn wọn ni a bí Arvid, àbúrò wọn kan ṣoṣo, tí wọ́n pọ̀n dàgbà.

Màmá jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1956, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn. Ní 1959, wọ́n fẹ́ Raymond Koskela, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí ìyàwó òun ń sọ lóòjọ́ tó òun í lò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní 1974, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi wọ́n ṣe akọ̀wé. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ a yan òfin méjìlá tó kan òṣìṣẹ́, Màmá a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí St. Paul, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, láti wo bí aṣòfin kọ̀ọ̀kan ṣe dìbò. Lórí òfin kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́ gba ọ̀kan. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí wọn gba òdo. Ẹgbẹ́ a tẹ máàkì náà sínú ìwé, a sì pín in; ara fíríìjì ni àwọn èèyàn máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ títí ọjọ́ ìdìbò.

Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló gbé Arvid wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1976. Ní 1983, òfin kan dé pé kí iléeṣẹ́ máa tọ́jú awakùsà tí eruku bá ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Iléeṣẹ́ ìwakùsà kan nílùú wa halẹ̀ pé àwọn máa kógbá wọlé. Ẹ̀rù ba Arvid, ó dìbò takò ó. Ìbò méjì ni òfin náà fi ṣubú.

Stanley Prebich, alága ẹgbẹ́, bẹ Màmá pé, “Ìyá Linnea, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé kò sí níjòókòó. Tiwa mà ni.”

“Ó wà níjòókòó. Iná pupa, ti ẹni tó takò ó, tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lára pátákó ìbò, mo rí i.”

“Àga yẹn máa bọ́ lọ́wọ́ wa o!”

“Tí a bá purọ́ fún tiwa, ta ló máa gbà wá gbọ́ lórí àwọn yòókù?”

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Arvid já wọ ilé ìdáná. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní òdo! Èmi tí ẹ pọ̀n!”

“Mi ò fún ẹ. Ìwọ lo lọ gbà á. Jókòó, kọfí ti hó.”

Kò jókòó. Ọdún méjì ni kò fi yà sílé wa. Màmá ń gbé àwo rẹ̀ sórí tábìlì ní gbogbo Kérésìmesì, wọn kò sì yí máàkì náà padà.

Nígbà tí òfin náà tún dé ní 1985, Arvid ti ń yà kí àwọn awakùsà tí kò lè mí dáadáa nílé wọn. Ó dìde, ó gbèjà wọn, ó dìbò fún un, òfin sì wọlé. Ó gbé ẹja yíyan wá sílé wa.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èló ni mo gbà báyìí?”

“Ọ̀kan. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lo dìbò ni? Bọ́ bàtà ẹ kó o tó tẹ ilẹ̀ mi.”

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Màmá fi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Luther. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwòsàn ní 2001. Raymond ṣáájú wọn lọ ní 2014. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2023, lẹ́yìn ife kọfí kejì, wọ́n sùn lórí àga, wọn kò sì jí mọ́.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Linnea, Dale àti Marcia, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti Arvid, ẹni ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí a ń kọ ìwé yìí, a fẹ́ fo ọ̀rọ̀ ọdún 1983 nítorí tirẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀: “Ẹ má yọ òdo yẹn o. Ibẹ̀ ni mo ti di aṣòfin.”

Màmá wa, ẹ sùn ire. Kí Olúwa tí ẹ kọrin fún gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀.