Ẹja Inú Gíláàsì Rẹ, Èmi Kọ́ Ni Mo Jẹ Ẹ́

Kẹ́mta, Abẹ́òkúta.

Ràhámátù ọmọ mi, sàlámù àlékúmù. Ṣé Èkó ò le jù, ṣé ara ọkọ rẹ dá? Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ yín. Àwa náà ń bẹ, àfi oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà yìí tó ń yan wá bí àgbàdo. Pírámárì méjì péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń bẹ ẹlòmíì kọ.

Ọ̀rọ̀ àpótí gíláàsì tí o gbé wá sílé nígbà tí iná àdúgbò yín bàjẹ́ ni, èyí tí omi òkun kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja aláràbarà àti àwọn òkúta tó ń là bí òdòdó. O ní kí n má jẹ́ kí omi náà gbóná, pé bó bá gbóná gbogbo wọn á kú. Ìwọ ọmọ yìí! Ta lò ń sọ fún? Èmi Mùsílíù, tí mo ta omi àmù ní gáréèjì Láfẹ́nwá kí ẹnikẹ́ni tó mọ fíríìjì níbẹ̀, tí mo sì fi owó omi kọ́ ilé! Àwọn awakọ̀ a máa pariwo pé omi mi ń dun eyín. Mo rẹ àpò kòkó sómi, mo fi wé gíláàsì náà yí ká, mo ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀, mo kọ fáànù sí i. Bí wọ́n bá mú iná lọ, èmi fúnra mi ni mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹja.

Omi tutù, ìjàngbọ̀n dé. Nọ́ńbà pupa tó ń tàn lára gíláàsì náà, tó ń ka iye ẹja inú rẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lọ́jọ́ tí o gbé e dé. Méje ni ojú mi rí, mo ní àwọn yòókù á wà lábẹ́ òkúta. Àfi bí mo ṣe ń mú omi tutù tí nọ́ńbà ń já, títí ó fi di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lánàá. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, á tún fi méjì kún un. Ta ló bí wọn?

Ìyá rẹ wò mí títí, ó ní Bàbá Ràhámátù, ṣé ọbẹ̀ ilé yìí ni kò tó yín. Mọ́nsúrù télọ̀ ilé kejì ní òun ti ń gbọ́ òórùn ẹja díndín láti yàrá mi. Bẹ́ẹ̀, o ní ò ń rí nọ́ńbà náà lórí fóònù rẹ. Ìdí tí n kò fi pè ọ́ nìyẹn. Fóònù tó ń fẹjọ́ mi sùn, báwo ni n ó ṣe gba ẹnu rẹ̀ rojọ́? Wàláì, n kò tọ́ ọ̀kan wò!

Bí mo bá jẹ́ kí omi gbóná, nọ́ńbà á pé, ẹja á kú. Bí mo bá mú un tutù, ẹja ń jó, òkúta ń là, èmi di olè. Ọmọ mi, mo gbà kí n di olè.

Ṣùgbọ́n n kò ní í jẹ́ kó pẹ́. Mo ti bá Fámúyìwá tó ń sin ẹja ní Kọ́bapẹ́ sọ̀rọ̀, yóò kó àrọ̀ márùn-ún wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n fi dí àlàfo náà. Wọ́n lágbára, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó apá mi. Owó wọn ni kí o fi ránṣẹ́. Kì í ṣe pé n kò ní, inú síménti lowó mi wà. Bí kò bá tilẹ̀ tètè dé, má fòyà, n ó ti kó wọn sínú omi dè ọ́.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká san ohun tí a kò jẹ. Yóò dáàbò bò ọ́, yóò fún ọ lọ́mọ tí yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alájì Mùsílíù Olómi-tútù.